Egungun Ayú

Àwọ̀n bàbá mi kò ní òjé.
Egungun ìhà ayú, màlúù inú omi, ló fi ń rì í sódò Ọya;
ó dúdú bí èédú, ó wúwo bí òkúta,
kò ní mùdùnmúdùn nínú.

Ibíyẹmí ti yunifásítì wá sí Jámátà.
Ó jókòó sórí ọkọ̀ tó ti fọ́,
ó ń ṣa egungun bí ẹni ṣa ẹ̀gúsí:
ìhà mẹ́tàdínlógójì láti inú ààtàn,
agbárí kan tí wọ́n fi ń dí ilẹ̀kùn ilé adìẹ.
Ó fi ayùn kékeré la egungun etí:
òrùka wà nínú rẹ̀ bíi ti igi,
ọdún kan, òrùka kan.
“Eléyìí lo ogójì ọdún. Èyí kò pé mẹ́ta.”
Bí a ṣe ń walẹ̀ lọ ni wọ́n ń tóbi sí i.
Lókè, ọmọdé ni gbogbo wọn.

Bàbá mi tú ìhà kan lára àwọ̀n.
“Wọn èyí náà.
Èmi ni mo pa á, lọ́dún tí wọ́n ń ṣe afárá.
Ó ní ọmú bí ènìyàn.
N kò tíì rí òmíràn.”

Ibíyẹmí fi yíǹkì funfun kọ nọ́ńbà sí i,
ó dì í sínú àpò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọ̀n wa léfòó.