Hóró Àgbàdo

Ìyá àgbà ní kí n kó aṣọ mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.
Àlejò ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òun ni n ó máa sùn,
níbi tí òórùn èéfín ti ń gbé inú irun rẹ̀ láti ìgbà ọmọge.
Ọdún kẹta rèé tí bẹ́ẹ̀dì mi ń di ti ẹlòmíràn
fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
N kò ní purọ́: owó wọn ló kan páànù sórí ilé wa.

Bọ́ọ̀sì kì í lè gun òkè Kuchumatán dé ọ̀dọ̀ wa.
Wọ́n fẹsẹ̀ gùn ún, akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá àti olùkọ́ wọn,
ẹrù ẹ̀yìn wọn ga ju orí wọn lọ,
wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹṣin arúgbó.
Xhun tó ń ṣa kọ́fí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Alága pín wọn bí ẹni ń pín ọmọ adìyẹ:
méjì sílé Palas, ẹyọ kan sí tiwa.
Signe lorúkọ rẹ̀. Níbi tó ti wá, ó ní,
odò a máa dì gbagidi, ọkọ̀ a sì máa sáré lórí rẹ̀.
Ìyá àgbà ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó dùn;
kí n bu omi gbígbóná fún un.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Signe lójú méjì, ó tún ní kámẹ́rà.
Ó ya ààrò, ó ya ọlọ, ó ya tòlótòló,
ó ya ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀,
títí ìyá àgbà fi bi mí ní èdè wa pé,
"Ṣé kò sí ẹsẹ̀ nílùú wọn ni?"
Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Sípáníìṣì: "Ó ní ẹ káàbọ̀."

Ọjọ́ karùn-ún, a ń gbé àgbàdo yíyín lọ síbi ẹ̀rọ.
Signe ní òun yóò rù ú,
okùn níwájú orí, àpò lẹ́yìn, bí tiwa.
Lókè ìsun omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.
Okùn já. Àpò là.
Funfun, pupa, dúdú, gbogbo rẹ̀ ń ta pàrà lórí òkúta,
ó ń sá bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ níléèwé.

"Ẹ má bínú. N ó san án. Eélòó ni?"
Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò owó.
Ìyá àgbà kò gbọ́ eélòó. Ó ti kúnlẹ̀.

A kì í fi hóró kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà.
Èyí tó bá sùn síta yóò sunkún mọ́jú.
Àgbàdo ni wọ́n fi mọ wá, bẹ́ẹ̀ la gbọ́:
ta ni yóò rí ìka ara rẹ̀ nílẹ̀
tí yóò ré e kọjá?

Signe wò ó. Ó kúnlẹ̀.
Àwọn yòókù dé, wọ́n kúnlẹ̀, olùkọ́ pẹ̀lú eékún dídùn rẹ̀.
Ilẹ̀ ṣú. Fóònù tí wọ́n fi ń yà wá
ni wọ́n fi tanná sínú koríko.
Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò.
Ọ̀wọ́ ni wọ́n bá dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣà á,
ọ̀wọ̀, n kò mọ ìgbà tó wọlé.

Ìyá àgbà fi hóró dúdú kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
"Ixim," ó wí.
Signe pè é, kò jọ ọ́. Ó tún un pè.
N kò túmọ̀ ohunkóhun.

Wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀dì mi ń rùn ọṣẹ àjèjì,
oorun sì kọ̀, kò wá.
Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, hóró kan hù láàárín òkúta méjì,
ó yọ ewé bí etí ehoro.
Ìyá àgbà ní, "Signe kò rí èyí."
Èmi náà kò rí i.
Ọ̀sẹ̀ kejì, àgùntàn Palas jẹ ẹ́.
Ìyá àgbà ṣépè fún àgùntàn náà, gígùn, aládùn, ní èdè wa,
mo sì yíjú
kí n túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkan.