Ìró Pátákò

Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì. Òtútù Uliastai ti sọ odò di òkúta.
Dulmaa wọlé, yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀.
Mo fi okùn wọn ikùn rẹ̀: ọgbọ̀n lé kan.
Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọgbọ̀n lé kan náà ni.
Mo tún un wọ̀n,
bí ẹni tó ń tún owó tí kò pé kà.

"Ó máa ń ta mí nípàá tẹ́lẹ̀," ló wí,
"bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n há mọ́nú àpò.
Láti àná, ó kàn ń yí ẹ̀gbẹ́ padà ni."

Mo di ìgbànú méjì mọ́ ọn níkùn.
Mo tan ẹ̀rọ.
Ìró gba inú yàrá:
kútúpà, kútúpà, kútúpà.
Dulmaa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó wà."

Ó wà. Ta ló ní kò sí?
Wíwà kọ́ ni àlàáfíà.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Tsermaa, jókòó sí kọ̀rọ̀,
èéfín àti wàrà ẹṣin ń rùn lára ẹ̀wù rẹ̀.
Ogójì ọdún ló fi ń gbọ́ ẹṣin eré kó tó rí i.
Kò wo ìwé gígùn tí ẹ̀rọ ń pọ̀ jáde.
Ó di ojú.
Èmi ni mò ń wo ìlà: ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣálẹ̀,
kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀.
Mo ní kí Dulmaa fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀.
Ogún ìṣẹ́jú. Ogójì.
Kútúpà, kútúpà.

"Ẹṣin yìí," Tsermaa wí, kò la ojú,
"ìgbésẹ̀ kan náà ló ń gbé lórí òkè àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Ẹṣin tó dá ṣáká a máa ro ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́.
Eléyìí ń sáré kó má bàa ṣubú ni."

Mo dìde, mo pe dókítà oníṣẹ́ abẹ.

Obìnrin ni. Kò tó kílò méjì.
Ibi ọmọ kéré, ó le gbandi;
alásè ti dáwọ́ dúró tipẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ki ohun ìgbọ́kàn sétí Tsermaa.
Ó tẹ́tí, tẹ́tí.
Ọmọ náà yán nínú àpótí olóoru rẹ̀.
"Háà," ìyá àgbà wí, "ó kọsẹ̀!"
Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ sínú fáìlì nìyẹn.
Dókítà bi mí pé kí ló túmọ̀ sí.