Imú Ọ̀rẹ́

Ní Moráfíà, bí oṣù Èbìbí bá ti lajú,
àwọn ará abúlé a ṣí àjà ilẹ̀ wọn sílẹ̀,
ilẹ̀kùn búlúù tó wọ inú òkè lọ
bí ẹni fẹ́ bá ilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí.
O san owó lójú ọ̀nà, wọ́n fún ọ ní ife kan
nínú àpò kékeré tí a ń fi kọ́ ọrùn;
ó ku kí ẹsẹ̀ máa lọ, kí ọ̀fun máa tẹ̀ lé e.

Àwa mẹ́rin la máa ń lọ, ọdún kẹsàn-án rèé:
Bohdana, tí í fi gègé kọ orúkọ ọtí sí apá ara rẹ̀
nítorí kì í pẹ́ sọ ìwé nù;
Kvido, tó ní òun kò fẹ́ràn ọtí pupa,
tí ọtí pupa kì í sì í ṣẹ́kù níwájú rẹ̀;
Zdena, oníṣirò owó,
tí í ka àtẹ̀gùn kó tó sọ̀kalẹ̀
kó lè mọ iye tí yóò gùn padà.
Àti èmi, Radim,
tí ibà ìgbà òtútù ti jí imú mi gbé,
tí n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Imú wà lójú mi o, ẹ má ṣì mí gbọ́.
Ó dúró bí ilé tí onílé ti kó jáde.
Kọfí di omi gbígbóná.
Orí ọmọ àbúrò mi, tí mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni ń jalè,
di orí lásán.

Ní àjà àkọ́kọ́, Bohdana ní, "Ápù tútù."
Mo mi orí: ápù ni, ápù gidi.
Ní èkejì, Kvido ní koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àárọ̀ yìí ni wọ́n gé e.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Irọ́ dùn lẹ́nu mi ju wáìnì lọ;
wáìnì kan ahọ́n, ó kan díẹ̀, ó lọ.

Àjà karùn-ún ni ti Hynek arúgbó.
Èébu dúdú bo ògiri, ó rọ̀ bí irun ológbò,
àwọn àlejò ti lẹ owó ẹyọ mọ́ ọn lára.
Àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń jó.
Ó da nǹkan sí ife wa níkọ̀ọ̀kan;
mo yára gbé tèmi símú kí wọ́n má baà ṣáájú mi:
"Ápù," mo ní. "Àti koríko díẹ̀."
Hynek wò mí.
"Ọmọ mi, omi tí a fi ń ṣan ife nìyẹn."

Kvido rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú,
owó ẹyọ mẹ́ta já bọ́.
Zdena kò rẹ́rìn-ín. Oníṣirò
mọ ibi tí iye kò ti pé.
"Láti ìgbà wo?"
"Láti oṣù Èrèlè."

Hynek kò sọ pé yóò padà, kò kí mi kú ìrọ́jú.
Ó fi ọ̀pá gíláàsì fa ọtí nínú àgbá,
ó bù ú fún àwọn mẹ́ta, ó ní,
"Ẹ gbóòórùn rẹ̀ fún un.
N kò fẹ́ gbọ́ ápù."

Bohdana pẹ́ lórí ife. "Kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ," ó ní,
"lọ́jọ́ tí a sá pamọ́ síbẹ̀, tí a fọ́ ìgò oyin."
Kvido ní aṣọ òjò awakọ̀ ilé-ìwé wa,
èyí tí kò gbẹ rí.
Zdena ní, "Owó bébà tuntun,"
ojú sì tì í.

Imú mi kò jí. Àmọ́ oyin yẹn,
mo tún fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

A wọ àjà mẹ́rin sí i. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń bínú:
àfi bàtà! rárá, àfi ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo!
Nígbà tí oòrùn wọ̀ sẹ́yìn ọgbà àjàrà,
kò sí orúkọ ọtí kankan lápá Bohdana mọ́:
kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ òjò, bàtà, títí dé ìgúnpá.

Níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì,
Kvido fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
"Radim," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́,
"láti ọdún mẹ́sàn-án yìí,
èmi náà kò gbóòórùn koríko kankan rí."