Ó Ku Àyè Ẹnì Kan

Akọ̀wé mú téèpù jáde, ó wọn kọ̀ǹtẹ́nà l'Ápápá,
ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó wọn òkè,
ó fi pẹ́ńsù há etí, ó ní
àpò ìrẹsì ẹgbẹ̀ta ó lé ogún.
Bàbá mi di ojú òsì.
Ó wo inú irin dúdú yẹn
bí ẹni ń wo ẹnu ọmọ tó ń hu eyín,
ó ní, "Ẹgbẹ̀ta ó dín méje."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàká aláàárù, ta ló rán ọ níléèwé?
Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀ sẹ́yìn kíréènì,
ilẹ̀kùn ti ń fún àpò tó gbẹ̀yìn láyà,
àpò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
wọn ò ríbi wọ̀.

"Ìrẹsì kì í ṣe bíríkì," ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà,
bó ti ń fi àdí àgbọn pa èjìká.
"Àpò níkùn. Tó o bá gbé e kalẹ̀, á mí kanlẹ̀, á fẹ̀.
Akọ̀wé ka ẹrù, kò ka ẹni tó rù ú wọlé.
Ẹni yẹn á yí padà kó tó jáde.
Ibi tó ti yí padà, àpò méjì ti lọ níbẹ̀."

Yàrá kan la ní l'Ókè Pópó,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú, méjìlá lóròó.
Kọ́bọ́ọ̀dù jẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì onírin jẹ níbẹ̀,
ìyókù di ti ẹní:
orí Wàídì lẹ́sẹ̀ Ṣèfíù, orí Ṣèfíù lẹ́sẹ̀ mi,
Sàláwà lẹ́bàá ògiri, nítorí pé ó fẹ́ràn ibi tó tutù.
Àlejò á ti Ẹ̀pẹ́ dé láìròtẹ́lẹ̀ tòun ti ẹja gbígbẹ,
bàbá á di ojú òsì,
á ní, "Ó gbà. Kí Ṣèfíù fi ẹ̀gbẹ́ sùn."
Ó sì máa ń gbà.
Bí ẹnì kan bá fẹ́ yíra padà lóru,
gbogbo wa la jọ máa yí.

Lẹ́yìn tí ibà gbé Sàláwà lọ,
ọmọ àbúrò bàbá ti Ẹ̀pẹ́ dé.
Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ojú òsì, ó pẹ́.
Èmi náà rí i lẹ́bàá ògiri,
ìbú ẹní kan, ó mọ́ fo,
ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì na ẹsẹ̀ débẹ̀.
"Kò gbà," ni bàbá wí.
Àlejò wo ilẹ̀. Ó wo bàbá.
Ó gbé ẹja rẹ̀, ó lọ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí téèpù ìbá ti borí ojú rẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni obìnrin tó ń kànìyàn fún ìjọba
kanlẹ̀kùn, ó ṣí ìwé:
"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń sùn níbí?"
Ọkùnrin tó lè ka ìṣó inú garawa láìtọwọ́ bọ̀ ọ́
bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.
Ìyá mi ló fèsì:
"A kì í kàmọ fọ́lọ́mọ.
Kọ ọ́ pé yàrá kan."

Táìsì ni mo ń tà báyìí, l'Órílé.
Oníbàárà á ka ìwọ̀n yàrá rẹ̀ fún mi lórí fóònù,
ẹ̀rọ ìṣirò á ní páálí mẹ́tàlélógún,
èmi á kọ mẹ́rìnlélógún.
"Ti èyí tó máa fọ́ ni," mo máa ń wí.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan láti Ṣómólú padà wá, inú ń bí i:
ẹyọ kan ò fọ́, odindi páálí kan ṣẹ́ kù,
kí lòun ó wá fi ṣe?
Mi ò mọ ìgbà tí mo di ojú òsì.
Mo ní kó gbé e ti ògiri.