Ilé Tí Omi Nìkan Ń Gbé

Yàrá mẹ́tàlá ni mo tẹ́ tàìlì sí ní Katampe.
Mo mọ igun wọn bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi.
Ọdún mẹ́fà rèé,
ẹsẹ̀ ẹnìkan ò tíì tẹ ibẹ̀
àfi ti Bítrus olùṣọ́,
tó máa ń bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

Láràárọ̀ Sátidé, Bítrus a ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi
kí páìpù má baà dípẹtà.
A tan iná, a pa á.
Omi a máa dà, a máa dà,
kò sí ọwọ́ tí yóò fọ̀,
kò sí àwo, kò sí ìdí ọmọ.
"Ọ̀gá ní ilé tó bá sùn jù máa ń kú,"
ló wí fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.
Òun fúnra rẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn ló tẹ́ ẹní sí.

Èmi, Masaka ni mò ń gbé.
Ìpínlẹ̀ mìíràn ni mo ti ń jí wá ṣiṣẹ́ ní olú-ìlú.
Aago mẹ́rin ààbọ̀ mo ti wà létí títì;
ká tó kọjá Nyanya,
oòrùn ti yọ, owó ọkọ̀ ti jẹ nínú owó tí n ò tíì gbà.

Ọ̀sẹ̀ tí Àṣàkẹ́ bímọ
ni lánlọ́ọ̀dù ní owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
tàbí ká kó ẹrù.
Ìyá mi pè láti Ìkìrun:
ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo wo ilé.
Ilé wò mí.
Ọ̀dà pupa ti ya àgbélébùú sára ògiri,
ìjọba fẹ́ wó o,
lánlọ́ọ̀dù ní ká má kà á sí, ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún.
A sọ ọmọ ní Ilésanmí.
Orúkọ ni. Ẹjọ́ ni pẹ̀lú.

Nígbà tí wọ́n pèpàdé lórí ọ̀rọ̀ ilé,
mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí símẹ́ǹtì ò tíì mọ̀,
mo lọ.
Gbọ̀ngàn tutù bí inú fìríìjì.
Wọ́n fi àwòrán hàn wá: ilé mẹ̀kúnnù, yàrá méjì,
mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n.
Ẹgbẹ̀rún méje ni owó ọjọ́ mi.
Mo ṣírò ó lórí ìka: ẹgbàajì ọjọ́,
láìjẹ, láìmu, láìwọkọ̀, láìṣàìsàn,
òjò ò sì gbọdọ̀ dáṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dọ́wọ́ mi,
mo gbàgbé ìkíni tí mo ti há sórí.
Ta ni mẹ̀kúnnù tí ẹ ń wí yìí?
Ẹ mú un wá ká rí i.
Díẹ̀díẹ̀ lowó ń wọlé fún wa,
ẹ ṣòfin ká lè máa san owó ilé lóṣooṣù.
Ilé tó bá ṣófo kọjá ọdún kan, ẹ bu owó orí lé e,
kí olówó mọ̀ pé òfìfo náà ń jẹun.
Bí kátápílà bá sì ń bọ̀ ní Mpape,
kí ilẹ̀ tó níwèé ṣáájú rẹ̀ dé.
Alága wo aago.
A ò bẹ̀bẹ̀ ilé ọ̀fẹ́, mo ní,
àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé!

Ọkùnrin kan tó so táì kọ nǹkan sílẹ̀.
Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mi.
Ó lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán.

Ilésanmí ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ báyìí.
Sátidé tó kọjá, a lọ kí Bítrus.
Ó ṣí omi yàrá kẹta, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́,
Àṣàkẹ́ wẹ ọmọ níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà a nu ilẹ̀, a nu gbogbo rẹ̀,
àfi ipa ẹsẹ̀ kan,
kékeré, lára tàìlì tí mo fọwọ́ ara mi tẹ́.
Bítrus rí i.
Kò nù ún.