Ṣé Kí N Yọ Ariwo Kúrò?

Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń wọlé,
títí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ fi ń tan iná wọn lórí ọ̀sà.
Dátà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ló jẹ tán.
Jẹnẹrétọ̀ Múfútáù onígbàjámọ̀ ń hó lẹ́yìn ilé,
èmi ń wo ìlà aláwọ̀ ewé tó ń rìn bí ìgbín
láti orí ení dé orí ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tó ṣí, kò sí ohun tó wà níbi tí mo fi í sí.
Àlùmọ́gàjí mi, tó ti ń gbé apá òsì láti ọdún méje,
ti kó lọ sókè, ó ń bá àwọn àlejò ṣeré.
Àfi bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé
tí ìyàwó ti tún yàrá tò:
o fi orúnkún gbá bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn,
o sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára.

Ó dára. Mi ò ní purọ́.
Iṣẹ́ tó máa ń gba òru kan lọ́wọ́ mi,
ó ṣe é tán kí àkàrà mi tó tutù.
Ti tẹ́lẹ̀, ọmọ aláìsàn ni;
bí mo bá lẹ àwòrán mẹ́ta pọ̀, á dákú.
Ìgbéyàwó ọmọ Alájà Ṣẹ̀kínà ní Ayétòrò,
ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí ìyàwó tó jókòó.
Ibẹ̀ ni ìka mi ti kọ́ ọgbọ́n:
gé, fi pamọ́; lẹ̀, fi pamọ́;
sín, fi pamọ́.
Èyí ń fi nǹkan pamọ́ fúnra rẹ̀, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni.
Síbẹ̀ ìka mi ò gbà,
ó ń tẹ bọ́tìnnì tí kò níṣẹ́ mọ́
bí opó tó ṣì ń bu oúnjẹ ẹni méjì.

Ràmọ́nì ọmọṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, ẹ gbé èyí tó le fún un.”
Mo gbé Bàbá fún un.

Ọdún tó ṣáájú ikú wọn ni mo ya fídíò náà.
Wọ́n jókòó ti ọkọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́,
omi ń lu èbúté, atẹ́gùn ń fẹ́ wọnú ẹ̀rọ,
ẹnìkan ń pe adìẹ wálé.
Wọ́n ń ka igi tó ṣeé fọkàn tán lórí omi
àti igi tó máa ń dalẹ̀.
Ẹ̀dà tuntun bi mí: ṣé kí n yọ ariwo kúrò?
Mo ní kó yọ ọ́.
Ó yọ ọ̀sà.
Ó yọ atẹ́gùn, ó yọ adìẹ àti ẹni tó ń pè é.
Ohùn Bàbá nìkan ló kù, ó mọ́ gaara
bí ohùn ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.
Wọ́n dákẹ́, wọ́n nawọ́ sí omi,
wọ́n ní, “Gbọ́.”
Kò sí nǹkan kan láti gbọ́.

Ṣé kí n tún ojú ṣe?
Ràmọ́nì ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni kí n tó yanu.
Ó ka pélé wọn sí ìdọ̀tí,
mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì,
ó nù wọ́n bí ẹní ń nu ìka ọmọdé lára dígí.
Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó dé fìlà Bàbá mi,
tó ní etí Bàbá mi,
ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò mọ̀ ọ́n.
“Wọ́n mà di ọ̀dọ́!” ni Ràmọ́nì wí.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Mi ò bá a jà.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọn ò ṣí nípò:
èyí tó ń dá nǹkan padà.
Mo tẹ ẹ́, pélé padà.
Mo tẹ ẹ́, adìẹ padà, atẹ́gùn padà,
omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù.
“Gbọ́,” ni Bàbá wí.

Mo tẹ fi pamọ́.
“Ọ̀gá, ó ti fi pamọ́ fúnra rẹ̀.”
Mo mọ̀.
Mo tún tẹ ẹ́.