Ibi Tí Ìlà Parí Sí

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ní Klaksvík.
Kùrukùru bo èbúté, ojú kò mọ ọkọ̀ ẹja yàtọ̀ sí àpáta.
Rannvá ṣí édítọ̀ tuntun.
Ó funfun báláú, ó ń ta á lójú;
ó ní kí ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
ó sì dúdú.

Iṣẹ́ ọ̀hún kéré létí, ó wúwo lọ́wọ́:
kóòdù kan ṣoṣo tí yóò máa ka ìwọ̀n ẹja
lórí ẹ̀rọ mẹ́ta tí kò jọ jẹun rí.
Wíńdóòsì ògbólógbòó wà nínú ọkọ̀ Hjalgrím, àbúrò bàbá rẹ̀,
iyọ̀ òkun ti jẹ bọ́tìnnì rẹ̀ méjì.
Máàkì wà lọ́dọ̀ Sunnuva, akọ̀wé owó,
tí kì í jẹ́ kí kọfí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.
Línọ́ọ̀sì wà nínú yàrá tútù kan létí omi,
kò lójú, kò lẹ́nu, kì í sùn.

Ó fi àlàfo mẹ́rin ṣíwájú ìlà,
ó rò ó, ó dín in kù sí méjì.

Ká tó wí, gbogbo ìlà pọ́n.
Gbogbo rẹ̀! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìlà,
bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan kò yí padà.
Ó wá a títí, ó bá a ní ìpẹ̀kun,
níbi tí ojú lásán kì í dé:
Wíńdóòsì ń fi àmì méjì parí ìlà, àwọn yòókù ń fi ẹyọ kan.
Bí ẹni méjì tó pàdé lójú ọ̀nà:
ọ̀kan kúnlẹ̀, ó tún tẹríba,
èkejì kàn mi orí.

“Ẹyọ kan ni gbogbo wa ó máa lò,”
ó kọ ọ́ sínú fáìlì kékeré kan
tí àmì ìdánudúró ṣíwájú orúkọ rẹ̀, tó ń fara pamọ́.

Ó ku Fríðborg, orúkọ ọkọ̀ náà.
Wọ́n ń kọ ð yẹn ni, ẹnu wọn kì í pè é;
Wíńdóòsì fi àmì ìbéèrè dípò rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà korò díẹ̀,
èmi tí orúkọ mi ru ẹrù lórí, tó tún wọ bàtà.
Rannvá kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un ṣe.

Hjalgrím pè láti ojú òkun:
“Ẹgbẹ̀ta kílò ó lé méjì.”
Sunnuva ka iye kan náà.
Línọ́ọ̀sì kò sọ nǹkan kan, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.
“Bọ́tìnnì mi méjì ńkọ́?” ni bàbá náà bi í.

Rannvá tẹ òpin ìlà,
lẹ́ẹ̀kan.